Kí Ni À Ń Pè Ní Ilé?

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé gbogbogbò)

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ wá, tí a sì rò pé ó yẹ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sọ ti ètò ẹgbẹ́. Ìbéèrè kan ni, ìbéèrè tí ọmọdé pàápàá yóò rò pé òun lè dáhùn: kí ni à ń pè ní ilé? Kì í ṣe ti ògiri àti òrùlé ni a ń sọ, bí kò ṣe ti àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ta ni ará ilé ẹni? Ta ni kì í ṣe ará ilé ẹni? Ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn ní orúkọ gbogbo wọn?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó bí ìbéèrè náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá sí abúlé kan ní agbègbè wa láti pín ajílẹ̀. Àṣẹ tí a fún wọn ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan gba àpò méjì. Wọ́n dé iwájú agbo ilé ńlá kan, wọ́n bèèrè olórí ilé, a sì mú wọn lọ bá baálé, bàbá arúgbó tí kò lè gbé ọkọ́ mọ́. Wọ́n kọ orúkọ bàbá sílẹ̀, wọ́n sọ àpò méjì kalẹ̀, wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin mọ́kànlá ni ó ní oko tirẹ̀ nínú agbo ilé náà, obìnrin mẹ́rin sì wà níbẹ̀ tí ń dá oko ẹ̀gẹ́ àti oko ata fún ara wọn. Ní òdìkejì ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó háyà yàrá kan tí ó sì ń dá gbé. Aránṣọ ni, kò ní ebè kan ṣoṣo lóko. Ṣùgbọ́n òun náà jẹ́ olórí ilé, nítorí náà òun náà gba àpò méjì. Kí oṣù tó parí, àwọn ọmọ baálé ti ń bá ara wọn jà lórí àpò méjì, aránṣọ sì ti ta tirẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ náà kò jalè, wọn kò gba rìbá, wọn kò sì ṣe ojúsàájú. Ohun tí a kọ sínú ìwé wọn ni wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó da ètò náà rú, ọ̀rọ̀ náà sì ni "ilé." Ẹni tí ó kọ ìwé àṣẹ náà ní irú ilé kan lọ́kàn, irú ilé mìíràn ni àwọn òṣìṣẹ́ bá lábúlé.

ILÉ TIWA

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ ara wa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "ilé" kò ní ààlà kan ṣoṣo lẹ́nu Yorùbá. Bí aládùúgbò bá bi wá pé níbo ni ilé wa, a ó júwe ibi tí a ń sùn. Bí ará ìlú wa bá bèèrè, a ó dárúkọ agbo ilé bàbá ńlá wa, ìbáà ṣe pé a kò sùn níbẹ̀ láti ogún ọdún wá. Bí a bá wà ní abà tí a ní à ń lọ sílé, ìlú ni a ń lọ. Bí obìnrin bá sì sọ pé òun ń lọ sílé àwọn, ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń sọ, bí ó tilẹ̀ ti bímọ mẹ́fà sí ilé ọkọ.

Ẹ wo agbo ilé bí àwọn baba wa ti ń kọ́ ọ: àgbàlá ní àárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, ojúlé tẹ̀lé ojúlé. Àwọn ọmọ ilé wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ilé tí a fẹ́ wọlé wà níbẹ̀, àlejò tí ó pẹ́ títí tí ó fi di ará ilé wà níbẹ̀, ní ayé àtijọ́ ìwọ̀fà àti ẹrú náà sì wà níbẹ̀. Baálé ni olórí gbogbo wọn. Aya tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé a máa pe ọmọdé tí a ti bí ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ obìnrin, nítorí pé kì í ṣe ọkùnrin kan ni ó fẹ́ ẹ, ilé ni ó fẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú, ìkòkò kan kọ́ ni ó wà lórí iná. Aya kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀. Ọmọ ìyá mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ti ìyá kejì. Nígbà tí bàbá bá kú tí a bá sì fẹ́ pín ogún, ọ̀nà àtijọ́ ni ìdí igi, èyíinì ni pé a ó pín in sí iye àwọn ìyá tí ó bímọ fún olóògbé, kì í ṣe sí iye orí àwọn ọmọ. Ẹjọ́ kan lórí èyí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, àwọn adájọ́ ibẹ̀ fi ọwọ́ sí i pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá. Pé orí ojorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yàn láti fi parí ìjà. Ẹ̀yin náà rí i pé ilé kan ní òde lè jẹ́ ilé mẹ́rin nínú.

Àpò wọn ńkọ́? Ọkọ àti aya kì í da owó pọ̀ láàárín wa. Ọkọ a fún aya ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Láti ọjọ́ náà lọ, èrè aya jẹ́ ti aya. Aya àgbẹ̀ mìíràn a máa ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láti fi ṣe gàrí, wọn a sì jọ dúnàádúrà bí ẹni tí ó pàdé lọ́jà. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sì sí àìfẹ́ra-ẹni. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn.

Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé okùn márùn-ún ni ó lè so ènìyàn pọ̀ di ilé. Èkínní ni òrùlé: àwọn tí ó jọ ń sùn. Èkejì ni ààrò: àwọn tí ó jọ ń jẹun. Ẹ̀kẹta ni ọkọ́: àwọn tí ó jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹrin ni àpò: àwọn tí ó jọ ń náwó. Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀jẹ̀: àwọn tí ó jọ ní baba ńlá kan. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí okùn márààrún so àwọn ènìyàn kan náà. Láàárín tiwa, okùn kọ̀ọ̀kan so àwọn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí dúró lórí èyí.

ILÉ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN

Ìwé tí ìjọba fi ń ka ilé lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Irú ilé wo ni ó wà lọ́kàn wọn? Ọkọ, aya, àti àwọn ọmọ, lábẹ́ òrùlé kan, nídìí ìkòkò kan, pẹ̀lú àpò kan. Ó ti pẹ́ tí ilé wọn ti kéré. Nínú ìwé tí Peter Laslett ti Cambridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1972, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ 100 ìletò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, láti 1574 dé 1821, wọ́n sì rí i pé bí a bá pín iye ènìyàn sí iye ilé, kò pé ènìyàn márùn-ún nínú ilé kan, 4.75 ni ó jẹ́. Àwọn tí ó ti rò pé ilé ńlá bí tiwa ni àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì ń gbé rí i pé àwọn ti ṣì í rò.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ó so gbogbo àwọn márùn-ún náà. Nígbà náà, púpọ̀ nínú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi ilé òbí sílẹ̀ kí ó tó pé ogún ọdún, láti lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé àgbẹ̀ mìíràn. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn, ibẹ̀ ni yóò máa jẹ, a ó sì kà á mọ́ ará ilé ọ̀gá rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò sì dúró lójú kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìkànìyàn wọn ti 1991, àwọn tí ó jọ ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tàbí tí wọ́n jọ ń lo pálọ̀ kan, ni ilé kan. Nígbà tí ó fi di 2011, oúnjẹ ti kúrò níbẹ̀: ilé ìdáná àti ibi ìjókòó tí a jọ ń lò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọ wa tí ó háyà yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí olúkúlùkù ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń dáná níbi kan, lè jẹ́ ilé kan ní ọdún kan kí wọ́n sì di ilé mẹ́rin ní ọdún mìíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó ẹrù. Bí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà bá ń pààrọ̀ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ni ó dé tí àwa yóò fi rò pé ọ̀run ni ó ti wá?

Ní Ṣáínà, ààrò ni ẹ̀rí. Bí àwọn ọmọ bàbá kan bá fẹ́ pínyà, wọ́n lè má kúrò lábẹ́ òrùlé bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá pín ààrò, tí aya kọ̀ọ̀kan bá dá iná tirẹ̀, ọjọ́ náà ni ilé kan di méjì.

Ní ilẹ̀ Asante, ní Gánà, ohun mìíràn ni a ó rí. Nígbà tí Meyer Fortes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1945 àti 1946, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ aya kò gbé pẹ̀lú ọkọ. Aya wà ní ilé ìyá rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ọkọ náà sì wà ní ilé ìyá tirẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé a gbé ìkòkò oúnjẹ lórí, wọn a máa gba òpópónà kọjá láti ilé ìyá lọ sí ilé bàbá. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ni Asante fi ń ka ìdílé. Arákùnrin ìyá ni ọmọ ń jogún, kì í ṣe bàbá tí ó bí i. Bí a bá rán òṣìṣẹ́ alájílẹ̀ wa lọ síbẹ̀, ilé wo ni yóò kọ ọkọ sí? Ibi tí ó ń sùn ni, tàbí ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá? Ìdààmú ńlá sì wà nínú àṣà náà nígbà tí ọkọ bá kú, nítorí aya àti ọmọ tí ó ti bá a dá oko kòkó lè jáde lọ́wọ́ òfo. Ìyẹn ni ó mú kí ìjọba Gánà ṣe òfin ogún ní 1985, tí ó fún opó àti ọmọ ní ẹ̀tọ́ nínú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún.

Ní ilẹ̀ Kerala ní Íńdíà, àwọn Nayar ti ìgbà kan tilẹ̀ ju èyí lọ. Ilé ńlá ti ẹ̀jẹ̀ ìyá, tí wọ́n ń pè ní taravad, ni ó ni ilẹ̀, arákùnrin ìyá tí ó dàgbà jù ni olórí rẹ̀, ọkọ sì jẹ́ ẹni tí ń wá kí aya lálẹ́ tí ó sì ń lọ ní òwúrọ̀. Òfin ni ó tú ilé náà ká díẹ̀díẹ̀, títí òfin 1975 fi parí rẹ̀.

Ti Jàpáànù ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ie ni wọ́n ń pe ilé wọn. Ohun tí ó so ie pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ; orúkọ ilé àti iṣẹ́ ilé ni, wọn kò sì gbọdọ̀ parun. Arọ́lé kan ṣoṣo ni ó ń jogún. Àwọn àbúrò a jáde lọ wá tiwọn. Bí bàbá kò bá ní ọmọkùnrin, a wá ọkọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọkọ náà a gba orúkọ ilé aya, a sì di arọ́lé. Ṣùgbọ́n ní 1898, ìjọba mú irú ilé tí àwọn ọmọ ogun àtijọ́, àwọn samurai, ń gbé, wọ́n sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ènìyàn, àgbẹ̀ àti apẹja, olówó àti tálákà. Ẹni kan ni olórí ilé; láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀ ará ilé kò gbọdọ̀ gbéyàwó; òun ni ó ń sọ ibi tí wọn yóò gbé. Ní 1947, lẹ́yìn ogun àgbáyé, wọ́n pa òfin ie rẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ pé ọkọ àti aya dọ́gba. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi wọ ẹ̀wù tí a dá fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Kí a tó kúrò ní òkèèrè, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ará wa ní Bùràsíl. Nígbà tí òwò ẹrú gbé wọn kọjá òkun, ó já gbogbo okùn márààrún: wọ́n ta ọkọ síbí, wọ́n ta aya sọ́hùn-ún, ọmọ kò mọ ìyá. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún ilé dá. Ilé òrìṣà ni wọ́n dá a sí, ilé sì ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ní Bahia, ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí ìyálórìṣà Eugênia Anna dos Santos dá sílẹ̀ ní 1910, wà níbẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ìyá wà, ọmọ wà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà, láìjẹ́ pé obìnrin kan bí wọn. Ẹni tí wọ́n bá gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀ pé a kò lè wà láìní ilé.

NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA BÁ ṢI ILÉ KÀ

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn dídùn ni gbogbo èyí, kí ni ó kan oko òun? Ó kàn án púpọ̀. Ẹ gbọ́ ohun mẹ́ta tí ó ti ṣẹlẹ̀ nítorí pé ìjọba ṣi ilé kà.

Èkínní ṣẹlẹ̀ ní Olókò, ní ilẹ̀ Ìgbò, ní oṣù kọkànlá 1929. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní 1928. A wá rán òṣìṣẹ́ kan láti tún agbo ilé kà, ènìyàn, ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ó bá ìyá kan tí ń jẹ́ Nwanyeruwa nídìí epo pupa rẹ̀, ó ní kí ó ka àwọn ènìyàn àti ẹran ilé rẹ̀. Ìyá náà bi í bóyá a ti ka ìyá tirẹ̀ náà. Láti inú ìbéèrè yẹn ni ogun àwọn obìnrin ti bẹ́ sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìbọn ìjọba ti pa obìnrin tí ó lé ní àádọ́ta.

Èkejì ṣẹlẹ̀ nílé wa níhìn-ín, ní Abẹ́òkúta. Láti 1918 ni ìjọba ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá, lọ́wọ́ ọkọ lọ́tọ̀, lọ́wọ́ aya lọ́tọ̀. Wọ́n mọ̀ dájú pé àpò aya kì í ṣe àpò ọkọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń sọ iye tí a ó san. Nígbà owó orí, obìnrin jẹ́ ilé ọ̀tọ̀. Nígbà ìgbìmọ̀, ó di ará ilé ọkọ rẹ̀. Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin dìde sí èyí ní 1947. Ní 1948 a dá owó orí obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá sì fi ìlú sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹ fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ yìí: kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ni ó ń mú ìjọba ṣi ilé kà. Nígbà mìíràn ó mọ̀ ọ́n, ó kàn ń yan okùn tí yóò ṣe é láǹfààní ni.

Ẹ̀kẹta ni ó bá àgbẹ̀ mu jù, ní Gáḿbíà, láàárín àwọn Mandinka. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kan. Kordaa ni agbo ilé tí a jọ ń gbé. Dabada ni àwọn tí ó jọ ń roko. Sinkiro ni àwọn tí ó jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan. Wọ́n sì pín oko sí ọ̀nà méjì. Maruo ni oko ilé, tí gbogbo wọn ń ṣe tí èrè rẹ̀ sì wà lábẹ́ olórí. Kamanyango ni oko àdáni, ẹni tí ó bá ro ó ni ó ni èrè rẹ̀. Àwọn obìnrin ni ó ń gbin ìrẹsì ní àbàtà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní kamanyango níbẹ̀.

Ní 1984, iṣẹ́ ìbomirin ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní Jahaly àti Pacharr, tí yóò jẹ́ kí a máa gbin ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn tí ó náwó sí i fẹ́ kí obìnrin jàǹfààní, orúkọ obìnrin sì wọ ìwé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n a pe ilẹ̀ náà ní ilẹ̀ ilé. Ní ọjọ́ tí a pè é bẹ́ẹ̀, ó di maruo. Bí ó sì ti di maruo, ó bọ́ sábẹ́ olórí ilé. Obìnrin tí ó ti ń ta ìrẹsì ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìlọ́po méjì lórí ilẹ̀ tí èrè rẹ̀ kò kàn án. Àwọn olùwádìí Judith Carney àti Michael Watts kọ ohun tí ó tẹ̀lé e: ìjà nínú ilé, ẹjọ́ láàárín ọkọ àti aya, àwọn obìnrin tí ó fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́, àti àwọn tí ó kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ lóko ẹlòmíràn. Omi wà, ilẹ̀ wà, irúgbìn wà. Ọ̀rọ̀ kan ni a lò láìbèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ilé.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ní orílẹ̀-èdè wa, a ti jà lórí ìkànìyàn 1963, a ti fagi lé ti 1973, a ṣe òmíràn ní 1991 àti ní 2006, a sì sún èyí tí a múra sílẹ̀ fún ní 2023 síwájú. Ní 1991 àti 2006, ibi tí a bá ènìyàn ni a ti kà á, àwọn tí ó jọ ń gbé tí wọ́n sì jọ ń jẹun lábẹ́ olórí kan ni a sì kọ sí ilé kan. Èyí túmọ̀ sí pé ààrò ni ìwọ̀n, kì í ṣe agbo ilé. Nígbàkúùgbà tí akànìyàn bá tún dé, ẹ má ṣe ràn án lọ sọ́dọ̀ baálé nìkan. Kí ojúlé kọ̀ọ̀kan tí ó ní ìkòkò tirẹ̀ dáhùn fún ara rẹ̀. Ẹ ka alágbàṣe tí ó ń sùn ní abà yín tí ó sì ń jẹ nínú ìkòkò yín, ìbáà jẹ́ pé ó ti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò wá. Ẹ ka ìyá arúgbó tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ má sì ṣe ka ọmọ tí ó wà ní Èkó, nítorí pé Èkó yóò kà á.

Lọ́wọ́ ìjọba, ohun kan ṣoṣo ni a ń bèèrè: kí ó sọ okùn tí ó fẹ́ lò kí ó tó pín ohunkóhun. Bí ajílẹ̀ ni, kí ó fi ọkọ́ wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni tí ó ní oko, ọkùnrin tàbí obìnrin, gba tirẹ̀. Bí oúnjẹ ìrànwọ́ ni, kí ó ka ìkòkò. Bí ó bá jẹ́ owó ilẹ̀ ẹbí tí a gbà fún ọ̀nà títì, ẹ̀jẹ̀ ni kí ó wò, kí ó má sì gbàgbé pé ọmọ obìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́dọ̀ Yorùbá. Bí ó bá sì jẹ́ owó yíyá fún òwò, kí ó wo àpò ẹni tí yóò san án. Kì í ṣe ohun tí apá kò ká. Amẹ́ríkà tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò bèèrè olórí ilé mọ́ láti ìkànìyàn 1980.

A mọ̀ pé àwọn baálé kan wà níhìn-ín tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n ń rò pé bí olúkúlùkù bá ń dáhùn fún ara rẹ̀, agbo ilé yóò tú ká. Ẹ̀yin bàbá wa, a kò fẹ́ kí ó tú ká. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ baálé kò sí nínú àpò ajílẹ̀. Ìdí tí a fi ń dọ̀bálẹ̀ fún yín ni pé ẹ ń parí ìjà, ẹ ń dúró nídìí ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ẹ sì mọ ibi tí ààlà ilẹ̀ wà. Àpò méjì tí a gbé síwájú baálé fún ọkùnrin mọ́kànlá àti obìnrin mẹ́rin, ṣé iyì ni ó fún un, tàbí ìjà?

Kí a má sì ṣe ẹni tí ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tí tirẹ̀ ń kẹ̀. Nígbà tí a múra ọ̀rọ̀ yìí, a ṣí ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa fún agbègbè yìí. A rí orúkọ baálé, a rí orúkọ àkọ́bí wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ púpọ̀ nínú wọn, àwa fúnra wa ni a fi ọwọ́ wa kọ ọ́ pé, "pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀." Àwọn ìyá tí ó ń jókòó síwájú wa níhìn-ín, tí wọ́n ń dá owó ẹgbẹ́ láti inú àpò ara wọn, ni a kó sábẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn. Ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí obìnrin Ẹ̀gbá ni àwa ṣe: a gba owó wọn lọ́tọ̀, a sì fi orúkọ wọn pamọ́ sábẹ́ ti ọkọ. A tọrọ àforíjì. Láti oṣù tí ń bọ̀, ìwé orúkọ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan ni yóò ní káàdì tirẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ ọ̀kan nígbà tí a bá ń dìbò.

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìka márùn-ún ni ó wà nínú ọwọ́ tí a gbá jọ, a sì gbọ́dọ̀ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó mọ̀ bóyá ọwọ́ náà pé.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ ka ilé yín. Ẹ kà á nípa ti òrùlé, ẹ kà á nípa ti ààrò, ẹ kà á nípa ti ọkọ́, ti àpò àti ti ẹ̀jẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé iye kan náà kọ́ ni ẹ ó bá. Ẹ mú ìwé náà wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a lè gbé e lọ síwájú àwọn tí ń pín nǹkan, kí a sì fi han wọ́n bí ilé wa ti rí.

 Ilé á gbà wá o, ọ̀nà á sì gbà wá.